Ìran Tí A Lọ Wò

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, Fadérera fọn fèrè ọkọ̀ níwájú ilé mi ní Regina,
Kòrólà àtijọ́ tí ìlẹ̀kùn kan rẹ̀ kì í ṣí láti inú.
Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé,
òórùn ọṣẹ ilé àwọn arúgbó ṣì wà lọ́wọ́ mi.
Ó ní, "Bọ́ sí ọkọ̀. Oorun ò ní í tán ní Regina; eré máa tán."
Mo bọ́ sí i.

Ọ̀nà náà gún bí ẹni fi okùn wọ̀n ọ́n.
Kò sí òkè, kò sí igbó téèyàn lè fojú sinmi lé,
òdòdó kànólà nìkan, ó pọ́n rúsúrúsú lọ títí,
àfi bí ìgbà tí wọ́n sá gàrí elépo káàkiri ayé.
Fadérera ń sọ̀rọ̀, mo ń tòògbé,
mo ń dáhùn "ẹn-ẹ́n" síbi tí kò ti béèrè nǹkan kan.

Ẹ̀fọn ló kọ́kọ́ kí wa káàbọ̀ sí Saskatoon.
Ẹ̀fọn! Mo ti rò pé mo fi wọ́n sílẹ̀ ní Ìkirè.
Wọ́n ti ọ̀nà àdúgbò kan pa nítorí eré,
ọkùnrin kan ń gun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó ń ju iná sókè,
ọmọdé kan ń sunkún pé òun fẹ́ iná náà.
A jẹ ọ̀dùnkún díndín, a san owó tí ì bá se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì.

A wo eré mẹ́rin lọ́jọ́ Sátidé.
Ọ̀kan dùn. Ọ̀kan ò dùn.
Ọ̀kan, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, n ò mọ ohun tó jẹ́:
ẹni méjì wọ àpò ìdọ̀tí, wọ́n ń wo ara wọn fún wákàtí kan.
Fadérera ní, "Ìgbéyàwó nìyẹn."
Mo rẹ́rìn-ín débi pé ẹni iwájú yíjú padà.

Ìsàlẹ̀ ilé ṣọ́ọ̀ṣì kan la ti wo ẹ̀kẹrin,
níbi tí òórùn kọfí àná àti ti kápẹ́ẹ̀tì tútù ti ń bá ara wọn jà.
Àwa mọ́kànlá la jókòó. Mo kà wá.
Obìnrin kan tí ń jẹ́ Marlys, irun funfun, ẹsẹ̀ lásán,
ló ń ṣe ọmọ tó délé lẹ́yìn tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀.
Àga kan ṣófo lórí ìtàgé.
Ó na ọwọ́ sí wa: ta ni yóò wá jókòó bí ìyá?
Kò ní sọ̀rọ̀ kankan. Kó ṣáà jókòó.

Ojú wa wálẹ̀ bíi ti ọmọ iléèwé tí kò ṣe iṣẹ́ àmúrelé.
Ìgbà tí mo máa gbójú sókè,
àga ẹ̀gbẹ́ mi ti ṣófo.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo ti mọ Fadérera.
Mo mọ iye iyọ̀ tó ń fi sẹ́wà.
Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kú lọ́dún tí wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú pa,
pé orí fóònù ló ti wo ìsìnkú,
nẹ́tíwọ́ọ̀kì já nígbà tí wọ́n fẹ́ bu yẹ̀pẹ̀.
Ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́. N ò bi í lẹ́ẹ̀kejì.

Marlys kúnlẹ̀, ó gbé orí lé e lẹ́sẹ̀,
ó ní lédè Gẹ̀ẹ́sì: Màámi, mo pẹ́.
Ó yẹ kí ìyá dákẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ ọ́.
Fadérera fọwọ́ lé irun funfun náà,
ó ní, "O ò pẹ́.
Ta ní sọ pé o pẹ́?
Ṣé o ti jẹun?"

Yorùbá ni. Kò sẹ́ni tó túmọ̀ rẹ̀.
Obìnrin náà gbọ́ ọ, mo fi Ọlọ́run búra,
nítorí ó gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn,
ó sì sun ẹkún tí kì í ṣe ti eré.
Àwa mẹ́wàá tó kù ò mọ̀ bóyá ká pàtẹ́wọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, a dúró ra epo ní Davidson, ní ìdajì ọ̀nà.
Mo ti to ọ̀rọ̀ ńlá kan sẹ́nu,
pé ìran la lọ wò, ìran wa ló jókòó dè wá,
ṣùgbọ́n Fadérera ní kí n fa ìlẹ̀kùn burúkú yẹn dáadáa.
A rìn tó máìlì mẹ́wàá.
Ó ní, "Irun rẹ̀ rọ̀ jù.
Irun ìyá mi le bíi kànìnkànìn."
Mo ní, "Ẹn-ẹ́n."
Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbọ́.